Kí Ló Ń Sọ Géèmù Àtijọ́ Di Ọ̀wọ́n? Bí Ẹ Ṣe Lè Díye Lé Èyí Tó Wà Lọ́wọ́ Yín

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló pè mí ní alẹ́ Sátidé kan. Ó ń palẹ̀ àjà ilé wọn mọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ló bá rí páálí bàtà kan tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbàgbé síbẹ̀ kó tó lọ sí yunifásítì. "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọ́n ní àwọn kan ra Mario ní mílíọ̀nù kan dọ́là ó lé. Àbí owó ilé la gbé sí àjà láti ọjọ́ yìí?"

Mo wo fọ́tò náà dáadáa. Game Boy, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká, aláwọ̀ eérú kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mẹ́rin: Tetris, Super Mario Land, Pokémon Red àti Pokémon Yellow. Kásẹ́ẹ̀tì kékeré kan tún wà, aláwọ̀ ewé tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá, Pokémon Emerald ti Game Boy Advance. Sídì FIFA mẹ́fà ti PlayStation 2 ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo ní, "Ìyàwó wa, owó ilé kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má da nǹkan kan nù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi nù wọ́n. Mo ń bọ̀ lọ́la."

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń kó géèmù àtijọ́ jọ, ìbéèrè yìí ni wọ́n sì máa ń bi mí jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun tó bá ti pẹ́ ló ń lówó lórí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tetris inú páálí yẹn wà lára àwọn géèmù tó kọ́kọ́ bá Game Boy jáde ní 1989, síbẹ̀ owó pọ́ọ́kú ni. Emerald, tí kò dé Yúróòpù títí di 2005, ló lówó lórí jù níbẹ̀. Iye ọwọ́ tó ń nà sí géèmù kan, iye ẹ̀dà rẹ̀ tó ṣẹ́kù láyé, àti bí ẹ̀dà tó wà níwájú yín ṣe rí, àwọn ló ń bá ara wọn dá owó lé e. Bí mo ṣe máa ń yẹ̀ wọ́n wò nìyí, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín gan-an

Orúkọ géèmù nìkan kò tó. Ẹ ní láti mọ ẹ̀rọ tó ń lò ó, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe é fún, àti bóyá ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni tàbí àtúntẹ̀. Tó bá jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì Nintendo ni, ẹ gbé e súnmọ́ ojú: lẹ́tà wẹ́wẹ́ wà létí bébà iwájú rẹ̀. Tí wọ́n bá parí sí USA, ti Amẹ́ríkà ni. JPN, ti Japan. EUR tàbí UKV, ti Yúróòpù tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì.

Lẹ́tà mẹ́ta yẹn lè sọ owó di ìlọ́po. NES àti Super Nintendo ni ẹ̀rọ Nintendo tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n; ti Amẹ́ríkà kì í gba kásẹ́ẹ̀tì Yúróòpù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tẹlifíṣọ̀n Yúróòpù ìgbà náà ń lo 50Hz (ìgbà àádọ́ta ni àwòrán ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ti Amẹ́ríkà àti Japan ń lo 60Hz, nítorí náà ọ̀pọ̀ géèmù tó dé Gẹ̀ẹ́sì ló ń falẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́fà. Ta ló máa ti Amẹ́ríkà wá du irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀? Game Boy kò ní ìdènà yìí rárá, ìdí nìyí tí Pokémon tí wọ́n rà ní Peckham fi lè rí oníbàárà ní Texas.

Èdè náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Géèmù kan wà tí Japan ń pè ní Mother 2, ó jáde níbẹ̀ ní 1994, àwọn èèyàn sì rà á gan-an. Ní 1995, Nintendo gbé e dé Amẹ́ríkà pẹ̀lú orúkọ EarthBound, nínú páálí ńlá tó ní ìwé ìtọ́sọ́nà nínú, ọjà náà kò sì tà. Wọn ò tilẹ̀ gbé e dé Yúróòpù títí di 2013, orí ẹ̀rọ Wii U ló sì dé sí. Lónìí, kásẹ́ẹ̀tì EarthBound lásán ń lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là, Mother 2 kò sì tó nǹkan kan lára rẹ̀. Géèmù kan náà ni o, èdè ló yàtọ̀.

Àwọn ará Brazil ní ọ̀nà tiwọn. Ilé iṣẹ́ Tectoy ló ń ṣe Master System àti Mega Drive, àwọn ẹ̀rọ géèmù Sega, níbẹ̀, wọn a sì máa tún àwọn géèmù Sega rọ fún àwọn ọmọ Brazil. Ní 1991 wọ́n sọ Wonder Boy in Monster Land di géèmù Mônica, ọmọbìnrin inú ìwé àwòrán tí gbogbo ilé mọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbogbo géèmù Master System pé kò lè yẹ Brazil sílẹ̀.

Ẹ tún wo àmì àtúntẹ̀. "Greatest Hits", "Platinum" àti "Player's Choice" túmọ̀ sí pé géèmù náà ti tà gan-an kí wọ́n tó tún un tẹ̀ ní ẹ̀dínwó. Àwọn olùkójọ máa ń fẹ́ ẹ̀dà tí kò ní àmì náà.

Fún àwa tí a dàgbà ní ilé: kásẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n kọ "9999999 in 1" sí, tí a ń kì bọ ẹ̀rọ àfarawé Famicom (NES ti Japan), kò lówó lórí lọ́jà àgbáyé. Sídì PS2 tí wọ́n dà kọ, tó pọ̀ káàkiri ìgboro wa nígbà náà, kò níye kankan. Ẹ tọ́jú wọn nítorí ohun tí ẹ fi wọ́n ṣe. Mo ṣì ní tèmi láti Ìbàdàn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ béèrè pé mélòó ni wọ́n ṣe, àti pé ta ló ń wá a

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ sí jù, ẹ jẹ́ ká farabalẹ̀.

Gbogbo oníṣòwò ló mọ kùtà, ọjà tó jókòó lórí àtẹ tí ẹnikẹ́ni kò yà sí. Nínú géèmù, kùtà àtijọ́ ló sábà máa ń di ọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n irú kùtà méjì ló wà. Ní 1982, Atari ṣe géèmù E.T. fún ẹ̀rọ 2600 láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọ́n sì tẹ mílíọ̀nù mélòó kan jáde. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò tà. Ní 1983, wọ́n kó òun àti àwọn géèmù mìíràn lọ bò mọ́lẹ̀ níbi ààtàn ìlú Alamogordo ní New Mexico. Wọ́n wú wọn jáde ní 2014, àwọn èèyàn sì du àwọn kásẹ́ẹ̀tì oníyẹ̀pẹ̀ náà nítorí ìtàn wọn, owó tó ti ibẹ̀ jáde ju $100,000 lọ. Ṣùgbọ́n E.T. tí kò wọnú ilẹ̀ rí, tó wà ní ilé ẹni kan báyìí, owó oúnjẹ ọ̀sán kan ni. Ó pọ̀ jù. Kùtà tó pọ̀ bí yanrìn, yanrìn náà ni.

Kùtà kejì ni èyí tí wọn ò tẹ̀ púpọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ibi tí mo ti máa ń wá a ni ọdún tí ẹ̀rọ kan ń kú lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun bá ti dé, àwọn òbí kì í ra géèmù fún èyí àtijọ́ mọ́, ilé ìtajà ń dín àtẹ rẹ̀ kù, ilé iṣẹ́ sì ń tẹ ìwọ̀nba. Super Nintendo dé Amẹ́ríkà ní 1991. Little Samson ti ilé iṣẹ́ Taito jáde fún NES àtijọ́ ní 1992, ojú ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Panzer Dragoon Saga dé Saturn, ẹ̀rọ Sega, ní 1998, nígbà tí PlayStation ti gba gbogbo ọjà lọ. Méjèèjì wọ́n bí ojú báyìí. Tí ẹ bá bá àpótí géèmù NES pàdé lọ́jà àlòkù, ẹ kọ́kọ́ wá àwọn tí wọ́n kọ 1992, 1993 tàbí 1994 sí kí ẹ tó wo àwọn tó kù.

Àpẹẹrẹ tí mo máa ń fi ṣàlàyé fún ẹni tí kò gbà mí gbọ́ ni Stadium Events. Bandai ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní 1987, géèmù eré sísá tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lórí ẹní ike. Nintendo gba ẹní náà lọ́wọ́ wọn, ó yí orúkọ rẹ̀ sí Power Pad, ó sì tún géèmù náà gbé jáde ní 1988 bíi World Class Track Meet. Wọ́n kó Stadium Events kúrò lórí àtẹ nígbà tí ìwọ̀nba díẹ̀ péré ti dé ọwọ́ àwọn oníbàárà. Ẹ ki méjèèjì bọ ẹ̀rọ, eré kan náà ni ẹ ó sá. World Class Track Meet ń lọ ní owó pọ́ọ́kú. Stadium Events, kásẹ́ẹ̀tì lásán, ń lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Kò sí dídùn eré kankan nínú ìṣirò yẹn. Bébà iwájú àti iye tó ṣẹ́kù ni wọ́n ń san owó fún.

Bákan náà ni kásẹ́ẹ̀tì ìdíje Nintendo World Championships ti 1990. Aláwọ̀ eérú 90 ni wọ́n fún àwọn tó dé ìpele ìkẹyìn, wọ́n sì fi aláwọ̀ wúrà 26 ta àwọn tó borí nínú ìdíje ìwé ìròyìn Nintendo Power lọ́rẹ. Nígbà tí iye rẹ̀ bá mọ báyìí, tí gbogbo ayé sì mọ iye náà, ẹni tó bá ní in ló ń pe iye tó wù ú.

Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n nìkan kì í mú owó wá. Ẹ wo Pokémon Red. Ju mílíọ̀nù 30 ẹ̀dà Red, Blue àti Green ni wọ́n tà káàkiri ayé, kò sì wọ́n rárá, síbẹ̀ owó rẹ̀ kò já wálẹ̀ bíi ti E.T. Ìdí ni pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tó gba a ní 1999 ti ń gba owó oṣù báyìí, ó ti bí ọmọ tirẹ̀, ó sì fẹ́ fi ohun tó fi ṣeré han ọmọ náà. Èrò tèmi ni pé owó géèmù ń tẹ̀lé ọjọ́ orí àwọn tó fi í ṣeré lọ́mọdé: nígbà tí wọ́n bá wọ ọdún ọgbọ̀n sí ogójì, ọwọ́ wọn á kan owó, ọkàn wọn á sì padà sílé. Àwọn ọmọ Game Boy Advance àti Nintendo DS ló wà níbẹ̀ báyìí, ìdí kan tí Emerald fi ga nìyẹn.

FIFA ni òdìkejì rẹ̀. Ọdọọdún ni tuntun ń dé, tuntun ló sì ń pa èyí àtijọ́. Mo ti rí ilé ìtajà àánú tí kò gbà á mọ́, kódà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wo ipò tó wà

Àwọn olùkójọ pín in sí mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni kásẹ́ẹ̀tì tàbí sídì lásán. Èkejì ni èyí tó pé: páálí, ìwé ìlò, páálí inú tó ń di kásẹ́ẹ̀tì mú, àti bébà àwòrán tó bá a wá. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọn ò tíì ya ọ̀rá rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ìlọ́po méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló máa ń wà láàárín ìpele kan àti èkejì.

Kí ló dé tí páálí òfìfo fi lówó lórí? Nítorí pé ọmọdé kì í tọ́jú páálí. Láàárọ̀ Kérésìmesì ni wọ́n ti ya á. Páálí NES, Super Nintendo, Nintendo 64 àti Game Boy, bébà líle ni. Ọ̀pọ̀ ti bá ìdọ̀tí lọ. Mega Drive wá nínú ike, ike sì ń pẹ́, nítorí náà páálí rẹ̀ kì í gbówó lé géèmù tó bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá rí páálí Game Boy ní àjà, kódà tí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti sọnù, ẹ má jù ú.

Ẹ gbé páálí sí ojú fèrèsé. Ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ wo etí ibi tí wọ́n ti ń ṣí i bóyá ó ti ya. Ẹ wá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wé iwájú rẹ̀: oòrùn máa ń jẹ àwọ̀ pupa kó tó jẹ búlúù, páálí tó jókòó sí ojú fèrèsé fún ọdún mẹ́wàá á ní ẹ̀gbẹ́ tó ti ṣá. Bébà àlẹ̀mọ́ ilé ìyáfídíò, orúkọ ọmọ tí wọ́n fi bàìrò kọ, gbogbo rẹ̀ ń dín owó kù.

Lórí Yellow ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ náà ti kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn gàdàgbà gàdàgbà, pẹ̀lú kíláàsì rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti mú òwú àti sípíríìtì dání nígbà tí mo dé. Mo dá a dúró. Sípíríìtì lè bó àwọ̀ bébà iwájú, àbàwọ́n orí bébà sì ń dín owó kù ju orúkọ ẹ̀yìn ike lọ. Ibì kan ṣoṣo tí òwú etí àti sípíríìtì díẹ̀ ti wúlò ni àwọn irin aláwọ̀ wúrà ẹnu kásẹ́ẹ̀tì, tí géèmù kò bá gbé.

Ẹ tún rántí bátìrì. Nínú Red àti Yellow, bátìrì kékeré kan ló ń di ìrántí eré mú. Tó bá kú, gbogbo ohun tí ọmọ náà ti ṣe nínú géèmù yẹn ti lọ nìyẹn, ṣùgbọ́n a lè pààrọ̀ rẹ̀. Ti Emerald yàtọ̀: bátìrì CR1616 inú rẹ̀ ń ṣọ́ aago nìkan. Tó bá kú, géèmù á kọ ọ́ síwájú yín pé bátìrì ti tán, ìrántí eré á sì wà níbẹ̀. Bátìrì tó kú kì í dín owó kù púpọ̀ tí ẹ bá sọ ọ́ fún olùrà. Kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀, ẹ tan géèmù náà, ẹ sì pe ẹni tó ni ín. Nígbà tí a tan Red, ó ti gbàgbé gbogbo nǹkan. Yellow ṣì rántí: orúkọ ọmọ náà jáde lójú ẹ̀rọ, pẹ̀lú iye wákàtí tó fi ṣeré. Ìyá rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí i, èsì sì dé láàárín ìṣẹ́jú kan: "Mọ́mì, ẹ má tà á o." A yọ Yellow sápá kan.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ rí i dájú pé ojúlówó ni

Ayédèrú Pokémon pọ̀ lọ́jà ju ojúlówó lọ láwọn ibòmíràn. Mo ti ra ọ̀kan rí nínú ọjà ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní car boot sale, láàárọ̀ kùtù, òjò ń ṣẹ́, mi ò sì fara balẹ̀ wò ó. Ó dun mí gan-an, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ mú Emerald sí abẹ́ iná fóònù. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ yí bébà iwájú síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ìmọ́lẹ̀ á fi gba ẹ̀gbẹ́ kọjá: lórí ojúlówó, wọ́n ti tẹ nọ́ńbà méjì wọnú bébà náà, wọn kò ní àwọ̀, ìtẹ̀ lásán ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ẹnu kásẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀. Lókè àwọn irin aláwọ̀ wúrà, orúkọ Nintendo yẹ kó hàn lára pátákó inú. Ayédèrú sábà máa ń ṣófo níbẹ̀. Ẹ ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ lẹ́yìn, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ayédèrú máa ń ṣi sípẹ́lì, lẹ́tà rẹ̀ sì máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ jù tàbí sanra jù.

Tí iyèméjì bá kù, ẹ tú u. Kásẹ́ẹ̀tì Game Boy Advance ní sukúrù kan lẹ́yìn tí orí rẹ̀ rí bíi lẹ́tà Y. Ti Game Boy àtijọ́, NES àti Super Nintendo gba irin pàtàkì tí ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 3.8. Àwọn irinṣẹ́ yìí kò wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lórí tábìlì ìdáná ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣí Emerald: pátákó náà mọ́, orúkọ Nintendo àti ọdún wà lára rẹ̀, bátìrì roboto náà jókòó ṣinṣin sí àyè rẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n fi lù mí ní jìbìtì, ìṣùpọ̀ dúdú kan bíi ọ̀dà ni wọ́n dà sórí pátákó. Ẹ bi ẹni tó ń tà kí ẹ tó tú ohun tí kì í ṣe tiyín, ẹni tó bá sì kọ̀ jálẹ̀ pé kò ní fún yín ní fọ́tò inú, ẹ fi í sílẹ̀.

Fún sídì, ẹ gbé e sójú iná, ẹ wo bóyá nǹkan ti ha á. Páálí ike sídì ṣeé pààrọ̀, sídì tó ti sán kò ṣeé tún ṣe.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wo iye tí wọ́n san, kì í ṣe iye tí wọ́n pè

Iye tí oníṣòwò pè jẹ́ ìrètí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè gbé Tetris sórí eBay ní £500, kó sì jókòó síbẹ̀ títí ọdún á fi parí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti rí irú rẹ̀, ìyẹn ló kó sí i lórí.

Lórí eBay, ẹ tẹ orúkọ géèmù, ẹ̀rọ rẹ̀ àti orílẹ̀-èdè, kí ẹ wá yan "Sold items" nínú àwọn àṣàyàn ẹ̀gbẹ́. Àwọn tó ti rówó gbà nìkan ló máa kù. Ẹ kọ mẹ́wàá tó kẹ́yìn sílẹ̀. Ẹ yọ èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù kúrò, ẹ sì yọ gbogbo èyí tí fọ́tò rẹ̀ kò jọ tiyín: tí tiyín bá jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì lásán, ẹ má wo èyí tó ní páálí. Àárín àwọn tó kù ni owó ọjà. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n fa ìlà gba orí owó rẹ̀ kọjá, tí wọ́n sì kọ ọ́ pé wọ́n gba iye tí olùrà dá. Owó tó hàn níbẹ̀ kì í ṣe ohun tó san gan-an, ohun tó san ló kéré sí i.

Ojú òpó PriceCharting ń ṣàkójọ irú ìtajà bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń ya àwòrán bí owó ti ń gòkè tó ń sọ̀ láti ọdún dé ọdún. Mo máa ń wò ó kíákíá, ṣùgbọ́n mi ò fi í ṣe ìdájọ́ nítorí pé ojúlówó àti ayédèrú lè dàpọ̀ nínú ìṣirò.

Àwòrán yẹn ló máa fi hàn yín pé àkókò pẹ̀lú máa ń dá owó lé géèmù. Nígbà tí Kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé ní 2020, owó géèmù àtijọ́ ga fíofío, ó sì rọlẹ̀ díẹ̀ nígbà tí àwọn èèyàn padà síta. Ní March 2023, Nintendo ti ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ẹ̀rọ 3DS àti Wii U pa, ẹni tó bá fẹ́ ra púpọ̀ nínú géèmù wọn ní láti wá ẹ̀dà tó ṣeé fọwọ́ mú báyìí. Ní òdìkejì, wọ́n tún EarthBound gbé sórí Switch, ẹ̀rọ Nintendo tó dé lẹ́yìn wọn, ní 2022, kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò sì di pọ́ọ́kú. Ẹni tó fẹ́ ṣeré ti rí ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó fẹ́ kó o jọ kò kúrò níbi tó wà.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ lóye owó gbàǹjo kó má baà tàn yín

Ìròyìn mílíọ̀nù kan dọ́là yẹn, òótọ́ ni. Ní July 2021, ilé gbàǹjo Heritage Auctions ní Dallas ta Super Mario 64 kan ní $1,560,000. Ọjọ́ méjì ṣáájú rẹ̀, wọ́n ta Legend of Zelda ní $870,000. Ní April ọdún náà, Super Mario Bros. lọ ní $660,000. Ọdún méjì péré ṣáájú, ní 2019, ni Super Mario Bros. kan kọ́kọ́ ré kọjá $100,000, tí gbogbo wa sì lanu sílẹ̀.

Ohun tí ìròyìn kì í sọ tán ni pé kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí wọ́n ti ṣí rí. Ilé iṣẹ́ Wata, tó ń fún géèmù ní máàkì, ló yẹ Super Mario 64 náà wò, ó fún páálí rẹ̀ ní máàkì 9.8 nínú 10, ó fún ọ̀rá rẹ̀ ní A++, ó sì tì í mọ́ inú ike líle. Géèmù náà fúnra rẹ̀ tà ju mílíọ̀nù 11 lọ, ẹnikẹ́ni lè rí tirẹ̀ rà. Ọ̀rá tí kò ya, igun páálí tí kò tẹ̀, àti pé èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀, ìyẹn ni wọ́n san owó fún. Nínú irú géèmù tí wọn ò tíì ṣí yìí, owó rọlẹ̀ gan-an lẹ́yìn 2021, àwọn tó rà á lókè sì mọ̀ ọ́n lára.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí géèmù àtijọ́ tí ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà, ẹ má ṣí i, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Ẹ wo ìránpọ̀ ọ̀rá náà. Àwọn jàǹdùkú ń tún ọ̀rá wé páálí àlòkù. Ṣùgbọ́n ẹ má ná owó gbígba máàkì lé kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti fi ṣeré. Owó máàkì, owó ìfiránṣẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà àti àkókò ìdúró á jẹ èrè náà tán.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ tà á bó ṣe yẹ

Èyí tó lówó lórí, ẹ dá a tà. Àwọn pọ́ọ́kú, ẹ kó wọn pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ wọn, torí ẹni tó ń wá Game Boy fún ọmọ rẹ̀ á fẹ́ kó bá géèmù méjì tó lè tètè fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn, ẹnu kásẹ́ẹ̀tì, àti inú rẹ̀ tí ẹ bá ti tú u. Ẹ fi gbogbo àbùkù hàn. Olùrà tó rí àbùkù kó tó sanwó kì í dá ọjà padà. Ẹ yọ owó ìfiránṣẹ́ àti èyí tí ojú òpó náà bá ń gbà kúrò nínú iye tí ẹ ní lọ́kàn kí ẹ tó sọ fún ara yín pé èrè wà.

Tí ẹ bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, tí ẹ ń rà, ẹ dé ọjà ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání, ẹ ná an pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Ẹ béèrè fún gbogbo àpótí náà lápapọ̀ dípò kí ẹ máa tọ́ka sí ọ̀kan. Tí ó bá jẹ́ ìyá àgbà kan ló ń ta ohun ọmọ rẹ̀ láìmọ iye rẹ̀, ẹ sọ òótọ́ fún un. Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tún rà á lọ́wọ́ wọn ní iye tó tẹ́ àwa méjèèjì lọ́rùn.

Fún páálí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, a kó Game Boy, Tetris àti Super Mario Land pọ̀ tà fún bàbá kan ní Leeds. A pààrọ̀ bátìrì Red, a sì dá a tà. Emerald lọ sí Glasgow ní iye tó ju £100 lọ, pẹ̀lú fọ́tò inú rẹ̀ mẹ́rin: a fi bébà rírọ̀ wé e, a gbé e sínú páálí kékeré kan, a sì fi nọ́ńbà ìtọpinpin ránṣẹ́ kí owó má baà já sófo lọ́nà. Yellow wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù ní pálọ̀ wọn, ó ń dúró de ọmọ náà ní ọjọ́ ìsinmi.